Ìgbéyàwó akọ-sí-akọ, òfin ìjọba àti òmìnira ẹ̀sìn wa
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ìjòyè àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti Pọbẹ̀ àti Sakété

  

Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ ní ká wá sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ ní gbangba nílẹ̀ wa. Ká ní ogún ọdún sẹ́yìn ni, à bá ní kí wọ́n gbé e tì. Ṣùgbọ́n ó ti wọlé tọ̀ wá. Ó wà lórí WhatsApp, ó wà nínú ìwàásù ọjọ́ Jímọ̀ àti ti ọjọ́ Ìsinmi, ó wà ní ìdíkọ̀ zémíján. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ gba ọkùnrin láyè kó fẹ́ ọkùnrin, kí obìnrin fẹ́ obìnrin. Wọ́n ní wọ́n á fi tipátipá mú àlùfáà so wọ́n pọ̀, ẹni tó bá kọ̀ á lọ sẹ́wọ̀n. Àwọn kan ń bínú, àwọn kan ń bẹ̀rù. Àwa tí a ti jókòó nídìí ìwé ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojúṣe wa ni ká la ọ̀rọ̀ náà yé ara wa.

Ká tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká sọ ibi tí a dúró sí, kí ẹnikẹ́ni má baà ní a ti gbowó òyìnbó. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ wa, ọkùnrin ló ń fẹ́ obìnrin. Bẹ́ẹ̀ ni a bá a, bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe fi tọ́ ọmọ wa. A ò wá yí èrò ẹnikẹ́ni padà lórí ìyẹn. Ohun tí a wá sọ ni èyí tó yẹ ká ní kí ìjọba bá wa ṣe, àti èyí tí kò yẹ ká ní kó ṣe.

Kí ni òfin Bẹ̀nẹ̀ sọ?

Òfin tó ń ṣàkóso ìdílé nílẹ̀ wa ni òfin 2002-07 ti ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2004, èyí tí a ń pè ní Code des personnes et de la famille. Abala 123 rẹ̀ sọ pé àárín ọkùnrin àti obìnrin, tí àwọn méjèèjì ti pé ọmọ ọdún 18, ni ìgbéyàwó ti lè wáyé. Ọ̀rọ̀ náà ò lábùlà. Kò sí méèrì kan ní gbogbo Plateau, láti Ifangni títí dé Kétou, tó lè so ọkùnrin méjì pọ̀ lónìí. Bó bá ṣe é pàápàá, asán ni lójú òfin.

Ẹ gbọ́ apá kejì. Ìwé òfin ìjìyà wa, òfin 2018-16 ti ọjọ́ 28 oṣù kejìlá ọdún 2018, kò ní abala tó ní kí wọ́n ti àgbàlagbà méjì mọ́lé nítorí ohun tí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí nínú yàrá. Ibẹ̀ ni a ti yàtọ̀ sí àwọn aládùúgbò wa. Ní Nàìjíríà, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin kan ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní ọdún 2014: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ọdún 10 fún ẹni tó bá so wọ́n pọ̀ tàbí tó ṣe ẹlẹ́rìí wọn. Burkina ṣe tirẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ọdún méjì sí márùn-ún. Nítorí náà, òfin tiwa kò gba ìgbéyàwó yẹn láyè, kò sì ran ẹnikẹ́ni níṣẹ́ pé kó lọ yọjú wo yàrá ẹlòmíràn.

Níbo wá ni ariwo náà ti wá?

Ọ̀pọ̀ rẹ̀ gba ẹnubodè wọlé. Ní oṣù keje ọdún 2024, ìwé ìròyìn kan ní Nàìjíríà kọ ọ́ pé àdéhùn Samoa tí ìjọba wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ti fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ akọ-sí-akọ. Àwọn lémọ́ọ̀mù gun mínbárì, àwọn pásítọ̀ lọgun, àwọn mínísítà jáde láti sẹ́ ẹ. Láti Ìdí-Ìrókò, ó dé ọ̀dọ̀ wa kí ilẹ̀ tó ṣú. Àdéhùn yìí ni wọ́n fi rọ́pò èyí tí wọ́n ṣe níbí, ní Kútọnu, ní oṣù kẹfà ọdún 2000. Kò sí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ tó dárúkọ ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin.

Ṣùgbọ́n a ò ní fi àwọn tó bẹ̀rù ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rù wọn nídìí. Abala 147 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ wa ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 sọ pé àdéhùn tí Bẹ̀nẹ̀ bá fọwọ́ sí dáadáa ga ju òfin abẹ́lé lọ. Ẹni tó mọ èyí, ó yẹ kó la ojú rẹ̀. Abala 145 ló wá fi ọkàn balẹ̀: àdéhùn tó bá máa yí òfin abẹ́lé padà, àfi kí àwọn aṣòfin ní Àjàṣẹ́ kọ́kọ́ dìbò lé e lórí. Kò lè dédé yí ìgbéyàwó padà lóru. Àwọn tí a dìbò fún ni a ní láti bi, a ò gbọdọ̀ dúró de ohùn tí ẹnìkan gbà sórí fóònù tí a kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ní ilẹ̀ tó ti gbà á, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀sìn?

Ẹ jẹ́ ká wo Faransé, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni ètò ilé méèrì wa ti wá. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2013, àwọn aṣòfin wọn dìbò, 331 gbà á, 225 kọ̀ ọ́. Òfin náà jáde ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ti kún ojú pópó ní Paris láti tako ó: Àgùdà, Mùsùlùmí, àti àwọn tí kò ní ẹ̀sìn rárá. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, àlùfáà Àgùdà ń ṣe ìgbéyàwó ọkùnrin àti obìnrin nìkan, lémọ́ọ̀mù ń so yìgì bó ṣe ń so ó tẹ́lẹ̀. Òfin ilé méèrì ni wọ́n yí padà, kò dé ibi pẹpẹ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tiwọn lọ́dún kan náà, wọ́n sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé wọn kò lè fipá mú ìjọ kankan. South Africa tó ti ṣíwájú nílẹ̀ Áfíríkà, láti oṣù kọkànlá ọdún 2006, kò fipá mú òjíṣẹ́ Ọlọ́run kankan.

Ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀ ni ti òṣìṣẹ́ ìjọba. Àwọn méèrì kan ní Faransé ní ẹ̀rí ọkàn àwọn kò gbà á. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 2013, ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo Òfin Ìpìlẹ̀ wọn dáhùn pé ẹni tó bá jókòó lórí àga ìjọba, ti gbogbo ìlú ló ń ṣe, kò lè fi ẹ̀sìn rẹ̀ yan ẹni tó máa dá lóhùn. Ní Amẹ́ríkà, akọ̀wé ìjọba obìnrin kan ní Kentucky fi ọjọ́ márùn-ún wà lẹ́wọ̀n ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 nítorí pé ó kọ̀ láti fún wọn níwèé. South Africa gba òṣìṣẹ́ láyè kó kọ̀ ọ́ fún ọdún mẹ́rìnlá kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò lọ́dún 2020. Ibí yìí ni òmìnira ẹ̀sìn ti dẹ́rùjẹ̀ lóòótọ́. Bí ọjọ́ kan bá ń bọ̀ tí wọ́n á gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ wá sí Àjàṣẹ́, ohun tó yẹ ká dúró lé lórí ni pé kí wọ́n kọ ọ́ kedere pé àlùfáà, lémọ́ọ̀mù, àwòrò àti baálé ilé kò sí lára rẹ̀, àti pé òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò gbà á lè fi iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, láìbú ẹni tó wá.

Ẹ má jẹ́ ká rò pé àjèjì ni irú ọ̀rọ̀ yìí sí wa. Òfin ìjọba àti ẹ̀sìn wa ti ń bára wọn fà á lórí ìgbéyàwó tipẹ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 2002, Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ ní Kútọnu sọ pé òfin tó gba ọkùnrin láyè láti fẹ́ ju ìyàwó kan lọ kò bá ìdọ́gba ọkùnrin àti obìnrin mu. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yọ ọ́ kúrò kí òfin 2004 tó jáde. Mùsùlùmí ní Kùránì gba mẹ́rin láyè, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ní bàbá òun ní mẹ́fà. Ṣé ọlọ́pàá wá lé ìyàwó kejì kúrò nílé ẹnikẹ́ni ní Sakété? Rárá. Ṣé wọ́n dá yìgì dúró? Rárá. Ìjọba mú tirẹ̀ dání, a mú tiwa dání. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ é fò láì fara kanra.

Ohun tí òmìnira ẹ̀sìn jẹ́ fún àwa gan-an

Àwọn tó jẹ́ ẹgbẹ́ wa níbí rántí àkókò ìyípadà Kérékou. Ìjọba gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Lọ́dún 1976, wọ́n fòfin de àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà ní gbogbo ilẹ̀ yìí, ó di 1990 kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Nígbà yẹn náà ni wọ́n gbógun ti àwọn tí wọ́n pè ní àjẹ́ àti oníṣẹ́ òkùnkùn, tí ọ̀pọ̀ arúgbó jẹ ìyà tí wọn kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ta ló pàtẹ́wọ́ nígbà náà? Àwọn kan nínú àwọn ìjọ pàtẹ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń lépa ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. Àwọn mìíràn pàtẹ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń lépa Ẹlẹ́rìí Jèhófà. Kálukú ń yọ̀ sí ti ẹnìkejì títí ó fi kàn án.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe kọ abala 23 sínú Òfin Ìpìlẹ̀ 1990. Ó ní gbogbo ènìyàn ló ní òmìnira èrò, ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn, àti pé àwọn ìjọ ló ń ṣètò ara wọn, kì í ṣe abẹ́ ìjọba ni wọ́n wà. Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejìlá ọdún 2023, Róòmù gbé ìwé jáde tó gba àlùfáà láyè láti súre fún irú àwọn tọkọtọkọ bẹ́ẹ̀, láìsọ ọ́ di ìgbéyàwó. Kò pé oṣù kan, ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 2024, Kádínà Ambongo sọ lórúkọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà pé wọn kò ní ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Kò sí ìjọba tó bá wọn dá sí i, kò sí ọlọ́pàá tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn ni òmìnira.

Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ sí ara wa. Nígbà tí Orò bá jáde, tí obìnrin kò gbọdọ̀ rìn, ṣebí a mọ àwọn tó ń kùn. Ẹni tó bá fi Bíbélì tàbí Kùránì ní kí ìjọba ti ẹnìkan mọ́lé lónìí nítorí ohun tó ń ṣe nílé rẹ̀, ìwé kan náà ló máa fi bẹ ìjọba lọ́la pé kí wọ́n gé igbó Orò, kí wọ́n dáná sun Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Òfin tó bá lè wọ yàrá ẹlòmíràn lónìí ti mọ ọ̀nà yàrá tiwa.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé

Àkọ́kọ́, ká ka ìwé ká tó tan ọ̀rọ̀ ká. Kí ẹgbẹ́ yìí kọ̀wé sí àwọn aṣòfin Plateau, kí wọ́n máa wá ṣàlàyé fún wa ní èdè wa kí wọ́n tó dìbò lórí àdéhùn tó bá kan ìdílé.

Èkejì, kí ọwọ́ má kan ẹnikẹ́ni. Ariwo tí kò nídìí ni wọ́n máa fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní ọmọ lágbájá ń rìn bí obìnrin, àwọn ọ̀dọ́ á kó igi, wọ́n á gba fóònù rẹ̀, wọ́n á bọ́ ọ síhòòhò. Abala 15 ní gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí, òmìnira àti ààbò ara rẹ̀. Kò yọ ẹnì kan sílẹ̀. Ẹ̀yin baálé, bí wọ́n bá gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wá bá yín, ẹ má lé ọmọ náà kúrò nílùú, ẹ má bu owó ìtanràn lé ìyá rẹ̀. Ẹ pe ọlọ́pàá kó tó di òkú. Ọmọ ẹnìkan ni. A lè sọ pé a ò gbà sí ìwà kan, ká má sì pa ọmọ tó hù ú.

Ẹ̀kẹta ló dùn wá jù. À ń pariwo nípa ìgbéyàwó tí kò sí nínú òfin, ìgbéyàwó tiwa kò sì sí nínú ìwé. Ìgbéyàwó tí òṣìṣẹ́ ilé méèrì kọ sílẹ̀ nìkan ni òfin Bẹ̀nẹ̀ mọ̀. Nídìí tábìlì tí a jókòó sí, a rí obìnrin tó ti fi ọgbọ̀n ọdún gúnyán fún ọkọ, tó bí ọmọ mẹ́fà fún un. Ọjọ́ tí ọkọ kú, a bi í léèrè ìwé ìgbéyàwó, ó wo ilẹ̀. Wọ́n ti san ìdáná, wọ́n ti gbàdúrà, ẹbí méjèèjì ti jẹ, ti mu. Lójú owó ìfẹ̀yìntì ọkùnrin náà, kò sí ìyàwó kankan. A ò mọ ohun tí à bá sọ fún un. Bí a bá fẹ́ dáàbò bo ìdílé, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ̀yin àlùfáà, ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin àgbà ìdílé, kí ẹ tó so ọmọ yín pọ̀, ẹ bi wọ́n pé: “Ṣé ẹ ti dé ilé méèrì?”

Kí Ọlọ́run, tí kálukú ń pè bó ṣe mọ̀ ọ́n pè, má fi ìjà ẹ̀sìn kọ́ wa lọ́gbọ́n. Kí Pọbẹ̀ tòrò, kí Sakété tòrò, kí Bẹ̀nẹ̀ tòrò.