Kí A Tó Fi Sí Etí

Ẹ̀yin ará Ilé-Ifẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ ra íápíìsì ní Lágere lónìí, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: kí ni mo fẹ́ máa fi gbọ́?

Bí owó bá mọ níwọ̀n, olówáyà dára. Kò nílò chájì, iná ọba ìbáà lọ. Ẹ tì í bọ fóònù yín níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ mi wáyà náà nídìí. Bí ohùn bá ń já, ẹ dá a padà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹ wá èyí tí rọ́bà rẹ̀ bá ihò etí yín mu dáadáa. Bí ariwo jẹnẹrétọ̀ kò bá ráyè wọlé, ẹ kò ní máa gbé ohùn sókè.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ohùn tó bá jẹ́ 80 decibel (ìwọ̀n bí ohùn ṣe le tó) má ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀. Bó bá di 90, wákàtí 4 péré ni. Íápíìsì tó bàjẹ́, owó á ra òmíràn. Etí kò sí lọ́jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí ohùn náà wálẹ̀.