Egungun Ìhà àti Egungun Àyà: Bí A Ti Í Gbé Ara Kalẹ̀ fún Àwòrán X-ray

(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ìlú wa kan tí ó jẹ́ ayàwòrán X-ray sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́)

Mo dúpẹ́ pé ẹ ní kí n sọ díẹ̀ nínú iṣẹ́ tí mo kọ́. Mo yan ọ̀rọ̀ egungun tí ó yí àyà ká, nítorí pé láti Osi dé Iloffa, ìwọ̀nba ni ìdílé tí kò mọ ẹni tí ó já láti orí ọ̀pẹ rí, tàbí ẹni tí ọ̀kadà gbé ṣubú lójú ọ̀nà. Mo sì gbọ́ pé àwọn kan nínú wa ń rò ó pé kí Ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ X-ray fún ilé-ìwòsàn ìlú. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ nìkan kì í ya àwòrán tí ó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹni tí ó mọ bí a ti í gbé ara kalẹ̀ ni ó ń yà á.

Kí ni àwòrán yìí? Òjìji ni. Wilhelm Conrad Röntgen, ará Jámánì, ni ó ṣàwárí ìtànṣán náà ní oṣù kọkànlá ọdún 1895. Ó ya ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, egungun àti òrùka sì hàn kedere. Ìtànṣán yìí a máa la ẹran ara àti afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá, ṣùgbọ́n egungun a máa dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró, ìdí nìyí tí egungun fi ń funfun lórí àwòrán. Bí ènìyàn méjì bá tò tẹ̀lé ara wọn níwájú fìtílà, òjìji kan ṣoṣo ni a ó rí lára ògiri. Àfi bí ọ̀kan bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni a tó lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Egungun ìhà jẹ́ 24, 12 ní ọ̀tún, 12 ní òsì. Ti ọkùnrin kò dín sí ti obìnrin. Gbogbo wọn so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Méje òkè ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi egungun rírọ̀, irú èyí tí ó wà ní etí wa, so mọ́ egungun àyà. Ìkẹjọ, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá so mọ́ èyí tí ó wà lókè wọn. Ìkọkànlá àti ìkejìlá kò so mọ́ nǹkan kan níwájú. Egungun àyà pín sí mẹ́ta: orí rẹ̀ tí ó fẹ̀ nísàlẹ̀ ọrùn, àárín tí ó gùn, àti ṣóńṣó kékeré ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá fi ìka tọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun, ẹ ó kan ibi tí ó yọ díẹ̀. Ibẹ̀ ni ìhà kejì so mọ́, ibẹ̀ ni a sì ti ń ka ìyókù.

Bí ìrora bá wà ní ìhà òkè, a óò ní kí ẹ dúró, kí ẹ fa èémí sínú dáadáa, kí ẹ sì dá a dúró. Èémí náà yóò ti iṣan pẹlẹbẹ tí ó pààlà àyà àti ikùn lọ sísàlẹ̀, ìhà yóò sì hàn lórí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ó bá jẹ́ ìhà ìsàlẹ̀, a óò ní kí ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ mí síta, kí ààlà náà lè gòkè. Bí ẹ̀yìn ni ó ń dùn yín, ẹ̀yìn ni ẹ óò fi kan pátákó tí ń gba àwòrán; bí iwájú ni, iwájú ni. Nítorí pé ìhà tẹ̀ bí ọrun ní ẹ̀gbẹ́, a óò tún yí ara ní ìwọ̀n dígírì 45, kí ibi tí ó tẹ̀ lè ṣí sílẹ̀.

Ti egungun àyà ni ó ṣòro jù, nítorí pé ọ̀pá ẹ̀yìn wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, bí ẹni méjì níwájú fìtílà. A óò yí aláìsàn ní ìwọ̀n dígírì 15 sí 20, kí iwájú ọ̀tún rẹ̀ súnmọ́ pátákó, kí egungun náà lè bọ́ sórí òjìji ọkàn. Ẹni tí àyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni à ń yí jù. Lẹ́yìn èyí ni a óò yà á láti ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú èjìká àti ọwọ́ tí a fà sẹ́yìn. Ẹni tí ó fara pa gidigidi, a kì í fi agbára yí i. Ẹ̀rọ ni a ń yí. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ yí tàbí kí ẹ mí, kì í ṣe ìyọlẹ́nu. Obìnrin tí ó bá lóyún, kí ó sọ ọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ nǹkan mẹ́ta.

Èkíní: kíkán kékeré lè fara pamọ́, egungun rírọ̀ kì í sì í hàn. Bí wọ́n bá ní àwọn kò rí nǹkan, kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni ìrora.

Èkejì: ẹ má ṣe fi aṣọ di àyà pinpin. Àwọn a-to-egungun wa ní ọ̀wọ̀ wọn nípa ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìhà kò ṣe é dì. Ẹni tí a di àyà rẹ̀ kì í lè mí kanlẹ̀, òtútù àyà a sì wọlé. Oògùn ìrora, mímí kanlẹ̀ àti ìsinmi ni ó ń wò ó, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ẹ̀kẹta: bí ẹni tí ó ṣubú kò bá lè mí dáadáa, tí ó ń wú ikọ́ ẹ̀jẹ̀, tí ikùn rẹ̀ le tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ kejì. Ìhà ìsàlẹ̀ ni ó bo ẹ̀dọ̀. Bí ó bá kán, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú. Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá, ìbáà ṣe ti Yunifásítì ní Ilọrin tàbí ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì.

Ní ti ẹ̀rọ tí a fẹ́ rà, mo bẹ̀ yín kí a ka owó rẹ̀ pọ̀ mọ́ owó yàrá tí a fi òjé bò lára ògiri, iná mànàmáná tí kì í ṣe ségesège, àti owó oṣù ayàwòrán tí ó forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 1987 ti là á sílẹ̀. Bí a kò bá tíì lè ṣe gbogbo rẹ̀, kí a kọ́kọ́ rán ọmọ wa kan lọ kọ́ iṣẹ́ náà ní yunifásítì. Ẹ̀rọ tí kò ní ẹni tí yóò lò ó yóò di ibùgbé aláǹtakùn, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó mọ iṣẹ́ yóò wúlò níbikíbi tí ẹ̀rọ bá wà.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Àyà tí à ń sọ náà, ẹ jẹ́ kí a mọ bí a ó ti tọ́jú rẹ̀. Kí ìlú wa kí ó máa tẹ̀ síwájú.