Ẹ́ńjìnì Tòkunbọ̀ àti Àyẹ̀wò Èéfín: Ta Ni Yóò San Owó Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka wa

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí dá lórí ọkọ̀ tí a ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì rẹ̀ sí tòkunbọ̀, tí ó dé ibi àyẹ̀wò, tí wọ́n ní èéfín rẹ̀ kò dára.

Ẹ jẹ́ kí a mú irú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù. Ọkọ̀ akérò HiAce kan wà tí ẹ́ńjìnì 2RZ oníkábúrétọ̀ rẹ̀ ti gbó. Ríìngì ti jẹ, ó ń mu ọ́ìlì, ó sì ń rú èéfín bí ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Olówó ọkọ̀ àti awakọ̀ lọ sí Ládìípọ̀, wọ́n ra 2RZ mìíràn, ṣùgbọ́n oní-ínjẹ́tọ̀ ni èyí. Mẹkáníìkì dè é mọ́lẹ̀, rìwáyà fa wáyà, ọkọ̀ gbéra, inú gbogbo wọn dùn. Ó di ọjọ́ àyẹ̀wò, nítorí pé oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni ìwé àyẹ̀wò ti ọkọ̀ akérò ń parí. Wọ́n ki páìpù ẹ̀rọ bọ inú sàlẹ́ńsà, ẹ̀rọ ní rárá. Ọkọ̀ jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta. Olówó ọkọ̀ ní òun kò mọ ìyẹn mọ́ ọn, kí awakọ̀ kó owó ojoojúmọ́ wá bí ìṣe rẹ̀.

Kí ni ẹ̀rọ náà rí? Epo bẹntiróòlù kílò 1 ń fẹ́ atẹ́gùn bíi kílò 14.7 kí ó tó lè jó tán. Bí epo bá pọ̀ ju atẹ́gùn lọ, gáàsì tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáídì ni yóò máa jáde. Òun náà ni ó ń pa àwọn tí ó tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé tí wọ́n sì sùn. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ohun kejì ni epo tí kò jó rárá, èyí tí ó máa ń ti ọ̀dọ̀ púlọ́ọ̀gì tí kò taná dáadáa tàbí fáàfù tí kò pa dé wá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ òun mọ́ nítorí pé ojú kò rí èéfín kò tíì sọ nǹkan kan. Èéfín tí ojú rí ní ìtumọ̀ tirẹ̀: dúdú ni pé epo ti pọ̀ jù, búlúù ni pé ọ́ìlì ń jó, funfun tí kò tán lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì ti gbóná ni pé omi rédíétọ̀ ti ń wọlé, kí ẹ yẹ gásíkẹ́ẹ̀tì wò.

Ẹ wo bí ìyàtọ̀ ti pọ̀ tó. Ní Ìlú Ọba, ọkọ̀ oníbẹntiróòlù tí ó kọ́kọ́ jáde láàárín 1975 sí 1986 lè ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáídì tó ìdá 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún kí ó sì yege nínú àyẹ̀wò wọn. Ọkọ̀ tí ó ní kátálíìsì, 0.3 ni wọ́n fún púpọ̀ nínú wọn nígbà tí ẹ́ńjìnì ń rọra sáré lójú kan, 0.2 nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ìlọ́po 15 ni ìyẹn. Irin ẹ́ńjìnì nìkan kọ́ ni ó mú un rí bẹ́ẹ̀ o. Ohun mẹ́ta ni: bíréènì, sẹ́ńsọ̀ tí ó wà lára páìpù sàlẹ́ńsà, àti kátálíìsì fúnra rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ń gbọ́ bí òkísíjìn ti ṣẹ́kù tó nínú èéfín, ó ń sọ fún bíréènì, bíréènì sì ń bu epo kún un tàbí kí ó dín in kù, lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan, ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ ń rìn. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù, kátálíìsì ni yóò jó o, bí òun náà bá ti gbóná tó bíi 300 lórí òṣùwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì.

Ibí yìí gan-an ni ẹ̀gbin wà. Àwọn irin olówó iyebíye bíi platinum, palladium àti rhodium ni ó wà nínú kátálíìsì. Kí ẹ́ńjìnì tó dé ọjà, wọ́n sábà máa ń ti gé e lọ. Ẹni tí ó ta ẹ́ńjìnì fún yín ti ta kátálíìsì rẹ̀ fún ẹlòmíràn, owó kan náà ni ẹ sì san. Bíréènì náà, wọ́n lè tà á lọ́tọ̀. Wáyà ńkọ́? Ayùn ni wọ́n fi gé e. Nígbà tí mẹkáníìkì kò bá rí bíréènì, yóò yọ ínjẹ́tọ̀ dànù, yóò gbé kábúrétọ̀ lé e. Ọkọ̀ yóò rìn, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n kábúrétọ̀ kò létí, kò lè gbọ́ ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń wí. Bí ẹ bá tilẹ̀ ra kátálíìsì tuntun sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, epo tí kò jó yóò mú un gbóná títí yóò fi yọ́ nínú.

Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, òfin wọn ni pé ẹ́ńjìnì tí a bá fi sí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ dàgbà ju ọkọ̀ náà lọ, àti pé gbogbo ohun tí ń fọ èéfín tí ó bá ẹ́ńjìnì náà wá gbọ́dọ̀ pé lára rẹ̀. Ẹ́ńjìnì tí ó bá ti Japan wá kò bọ́ nínú rẹ̀. A kò ní kí wọ́n kó òfin olówó wá fún tálákà. Àwa náà ní tiwa: wọ́n dá àjọ NESREA sílẹ̀ ní 2007, ìlànà lórí èéfín ọkọ̀ oníbẹntiróòlù àti onídísẹ́ẹ̀lì sì jáde ní 2011. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọjà wà nínú èyí tí ó kẹ́yìn nínú òfin California yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ rajà, ẹ má ra ẹ́ńjìnì lásán. Ẹ béèrè bíréènì tí ó bá a wá, wáyà tí wọn kò gé, àwọn sẹ́ńsọ̀, àwọn rọ́bà kéékèèké tí ń fa èéfín padà sínú ẹ́ńjìnì, àti kátálíìsì. Bí kátálíìsì kò bá sí, kí owó rẹ̀ jáde nínú iye tí ẹ ó san. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnì sí ìwé rìsíìtì, kí ẹ sì mú un lọ sí ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ kí wọ́n yí nọ́ńbà padà, nítorí pé ọlọ́pàá tí ó bá rí nọ́ńbà méjì lórí ọkọ̀ kan kò ní bi yín léèrè èéfín. Olè ni yóò kọ́kọ́ pè yín.

Ní ti ọjọ́ àyẹ̀wò, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, nítorí pé epo máa ń dà pọ̀ mọ́ èyí tí ó ti pẹ́. Ẹ fọ ojú àsẹ́ atẹ́gùn tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ dí ihò ara sàlẹ́ńsà, ihò a máa fa atẹ́gùn wọlé, yóò sì tan sẹ́ńsọ̀ àti ẹ̀rọ jẹ. Ẹ wa ọkọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó dé ibẹ̀, kí ẹ má sì pa iná rẹ̀ lórí ìlà bí wọ́n bá gbà fún yín. Kátálíìsì tútù kò ṣiṣẹ́.

Àwọn kan máa ń yá kátálíìsì fún ọjọ́ kan, àjẹ́ńtì sì wà tí yóò ní òun lè gba ìwé láìjẹ́ pé ọkọ̀ dé ibẹ̀. A mọ̀ bí ebi ti ń rí, a kò bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nínú HiAce wọ̀nyí, abẹ́ ìjókòó iwájú ni ẹ́ńjìnì wà. Awakọ̀ ni ó jókòó lé e lórí láti ìdájí títí di alẹ́, kì í ṣe olówó ọkọ̀, kì í ṣe àjẹ́ńtì. Orí fífọ́, òòyì, oorun tí kì í ṣe ti àárẹ̀, ẹ ti mọ̀ wọ́n. Ẹ̀yin ará ilé-iṣẹ́ tí fọ́kílíìtì ń rú èéfín sí lára nínú sítọ́ọ̀ tí kò ní fèrèsé, ọ̀rọ̀ yín náà nìyí, a ó sì padà sórí rẹ̀ ní ìpàdé tí ń bọ̀.

Ẹ̀bi epo tún wà, kí a má fi gbogbo rẹ̀ di ti awakọ̀. Òjé ti kúrò nínú bẹntiróòlù wa láti ìbẹ̀rẹ̀ 2006, ṣùgbọ́n ìmí-ọjọ́ ṣì ń ba kátálíìsì jẹ́. Ní 2020 ni àwọn mínísítà ECOWAS fẹnu kò pé kí epo má ní ju 50 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Awakọ̀ kọ́ ni ó ń pọn epo.

Nítorí náà, ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ kí ẹ̀ka gbé lọ bá àwọn olówó ọkọ̀ nìyí. Bíréènì, wáyà àti kátálíìsì jẹ́ ara ẹ́ńjìnì, ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni yóò rà wọ́n. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá fi jókòó nítorí àyẹ̀wò, kí owó ojoojúmọ́ ọjọ́ náà kúrò. Bí olówó ọkọ̀ bá sì yàn láti ra ẹ́ńjìnì lásán, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ni òun yàn bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé ti tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí àwọn tí ọkọ̀ wọn ti jókòó rí mú ẹ̀dà ìwé àyẹ̀wò wọn wá fún akọ̀wé kí oṣù tó parí, kí a lè mọ iye ọjọ́ tí a fẹ́ bá wọn sọ. Alága, a ti ṣetán láti gbọ́ ìbéèrè.