Ẹ Mọ Ohun Tí Òṣùwọ̀n Ń Wọ̀n

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, àwa tí a kọ́ yín ní físíìsì ni mo ń ṣojú fún, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ kí ẹ mú dání lọ: bí a ṣe ń ṣírò iṣẹ́ tí ipá ṣe lójú ọ̀nà.

Ká ní korobá omi kan wúwo tó kílò 10. Ilẹ̀ ń fà á sísàlẹ̀ pẹ̀lú ipá bíi newton 100. Ẹni tó bá fà á láti inú kànga gòkè fún mítà 8 ti ṣe iṣẹ́ tó tó joule 800, ìyẹn newton 100 tí a fi mítà 8 sọ di púpọ̀. Àmọ́ bí ẹni náà bá gbé omi yìí karí, tó ń rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú, láì yára sí i, láì falẹ̀, ipá tí orí rẹ̀ fi gbé korobá náà dúró kò ṣe iṣẹ́ kankan. Òkè ni ipá náà kọjú sí, iwájú ni korobá ń lọ.

Ọ̀nà kì í sábà gún régé. Nítorí náà, a máa ń gé e sí wẹ́wẹ́ títí tí ègé kọ̀ọ̀kan á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gún. Nínú ègé kọ̀ọ̀kan, a ó mú ìwọ̀n ipá tó kọjú síbi tí nǹkan ń lọ, a ó fi gígùn ègé náà sọ ọ́ di púpọ̀, a ó wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá fi okùn fa ọmọlanke, tí okùn náà dagun ní digiri 60 sí ilẹ̀, ìdajì ipá yín péré ló ń bá ọmọlanke lọ. Níbi tí ipá bá ti ń fa nǹkan sẹ́yìn, ṣe la ó yọ ọ́ kúrò.

Àwọn tó ń wá bí wọ́n á ṣe díwọ̀n ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe ló fi ìṣirò yìí lélẹ̀. Ní 1829, Gaspard-Gustave Coriolis ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tó kọ nípa ẹ̀rọ ní ilẹ̀ Faransé. Lẹ́yìn náà, James Prescott Joule, ọmọ ìdílé apọntí láti Salford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, so ẹrù wíwúwo mọ́ okùn, ó jẹ́ kó máa sọ̀ kalẹ̀, kó sì máa yí àjẹ̀ nínú omi. Omi náà gbóná sí i díẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹrù ṣe kò sọnù. Ooru ló dà.

Ẹ tún wo Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Bí ẹ gba àtẹ̀gùn, bí ẹ wọ ẹ̀rọ agbéniròkè, iye kan náà ni òòfà ilẹ̀ ń kà sí yín lọ́rùn, bí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ẹ dé bá jẹ́ ọ̀kan náà. Friction, ìyẹn ipá tó ń fa nǹkan sẹ́yìn bó ṣe ń ha ilẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó wọ́ àpótí gba ọ̀nà jíjìn lórí ilẹ̀ á san ju ẹni tó gba ọ̀nà tààrà lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, òdo tí físíìsì kọ fún arùmi yẹn kò sọ pé ọrùn kò dùn ún. Ara rẹ̀ ń jó oúnjẹ, òógùn ń bọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni òdo náà dáhùn: kí ni ipá fi kún korobá? Bẹ́ẹ̀ náà ni èsì ìdánwò tí ẹ ń retí. Ohun tí ẹ kọ sínú ìwé lọ́jọ́ náà ló ń wọ̀n. Kò wọn àárù tí ìyá yín rù kí owó ìwé tó pé. Ẹ bọ̀wọ̀ fún òṣùwọ̀n, ẹ má parọ́ fún un, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tó ń wọ̀n kí ẹ tó gba ìdájọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá di ọ̀gá lọ́la, ẹ bi ara yín bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó kọ òdo sí iwájú orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà á là fún yín. Ẹ kò ní ṣe làálàá lásán. Ẹ óò lọ ire, ẹ óò bọ̀ ire.