OMI UGU ÀTI ALÁÌSÀN KÍNDÌNRÍN

Bismillaahi Rahmaani Rahiimi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó dá ewébẹ̀, tí ó sì dá ara tí ń jẹ ẹ́. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad. 

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn kíndìnrín nílé ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lálẹ́ òní. Kíndìnrín ni ó ń rán mùdùnmúdùn inú egungun níṣẹ́ pé kí ó ṣe ẹ̀jẹ̀. Bí kíndìnrín bá ti ń kú lọ, ẹ̀jẹ̀ á dín kù, ojú aláìsàn á funfun, á máa rẹ̀ ẹ́. Kí ni ìyàwó tàbí ọmọ á ṣe? Á ra ugu, á gún un, á fún omi rẹ̀ sínú ife, á bu mílíìkì sí i: “Bàbá, ẹ mu ún, ẹ̀jẹ̀ ni.” Hàà! Ẹ rọra o.

Nǹkan kan wà nínú ewébẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní potásíọ̀mù. Kò sí ẹni tí kò nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n kíndìnrín ni ó ń da àpọ̀jù rẹ̀ sínú ìtọ̀. Bí kò bá lè dà á nù mọ́, á kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè mú kí ọkàn dáwọ́ iṣẹ́ dúró lójijì. Ẹ̀fọ́ mélòó ni a fún kí ife kan tó kún?

Èmi kò ní kí ẹ gba ẹ̀fọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ṣọkọ ni o, tẹ̀tẹ̀ ni o, ugu náà ni o, ẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀, kí ẹ fún omi ara rẹ̀ dànù pátápátá. Potásíọ̀mù á bá omi lọ. Kì í tán, ó ń dín kù ni, nítorí náà kí ó jẹ ìwọ̀nba. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣu: ẹ gé e kéékèèké kí ẹ tó sè é, ẹ sì da omi rẹ̀ nù. Èyí tí a sun tàbí tí a dín, tirẹ̀ kò rí ibi gbà jáde. Ẹ má fi káún sí ewédú rẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ń tà pé ó dára fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru ńkọ́? Potásíọ̀mù gan-an ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú wọn.

Ní ti ìṣínu, dàbínù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti omi àgbọn, gbogbo wọn ni ó ní i. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti ga, kí ó fi omi ṣínu, níwọ̀n tí dókítà fún un. Sunna ni omi náà. Bí dókítà bá sì ní kí ó má gba ààwẹ̀ rárá, ààyè ti wà fún aláìsàn nínú Suratul Baqarah, aya 184 àti 185.

Kì í ṣe gbogbo aláìsàn kíndìnrín ni potásíọ̀mù rẹ̀ ga. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò fi hàn. Abẹ́rẹ́ sì wà fún ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín mú dín kù, bí ó tilẹ̀ wọ́n. Kí ẹ tó gún ugu lọ́la, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà pé: “Èló ni potásíọ̀mù bàbá wa?”