Kọ̀ǹpútà Géèmù àbí PlayStation: Èwo Lówó Yín Ká?

Àwọn ọmọ ò jẹ́ kí òbí sinmi: wọ́n ń fẹ́ géèmù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó rẹ̀.

Nígbà tí PlayStation 5 jáde ní 2020, dọ́là 499 ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà. Àdánù ni Sony tó ṣe é kọ́kọ́ ń jẹ lórí rẹ̀. Orí géèmù ni wọ́n ti ń rí èrè. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti fi irú owó yẹn to kọ̀ǹpútà tó lágbára bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n náírà ló ń dá wa lóró jù. Kí oṣù kẹfà 2023 tó dé, nǹkan bíi náírà 460 ni dọ́là kan ní báńkì. Ní 2024, ó ti ju 1,500 lọ. Dọ́là 499 yẹn tó jẹ́ nǹkan bíi náírà 230,000 di nǹkan bíi 750,000, a ò sì tíì ka owó ọkọ̀ àti èrè oníṣòwò.

Fún ẹni tówó rẹ̀ kéré, PlayStation 4 tòkunbọ̀ ni mo fara mọ́. Kì í jẹ iná tó kọ̀ǹpútà géèmù, jẹnẹrétọ̀ kékeré lè gbé e. Àmọ́ o, bí ọmọ bá ń múra sílẹ̀ fún JAMB, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò yẹn. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ á wúlò fún un, ọmọ náà á sì lè gbá géèmù bọ́ọ̀lù àtijọ́ lórí rẹ̀.

Èyí ó wù kẹ́ ẹ rà, ẹ ní kí wọ́n tàn án lójú yín fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ tó sanwó.