UPS Tó Ń Ké Láìdákẹ́

Iná lọ, UPS, ẹ̀rọ bátìrì tó yẹ kó gbé kọ̀ǹpútà ró, bẹ̀rẹ̀ sí í ké pìì láìdákẹ́, kọ̀ǹpútà sì kú pátápátá. Kí ẹ tó gbé UPS náà tọ oníṣẹ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹrù lè pọ̀ jù fún un. Ẹ yọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà kúrò lára rẹ̀. Iná tó ń fà ju agbára UPS kékeré lọ. Bí bọ́tìnì kékeré ẹ̀yìn UPS bá ti ta jáde, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Bí kò bá gbọ́, ẹ pa á, ẹ yọ ọ́ lára iná ògiri, ẹ sì yọ gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnì ìtanná mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ lè tán. Ẹ dá a padà sára iná, kó gbaná fún bíi wákàtí 8, kí ẹ tó tàn án.

Bó bá tún kú, bátìrì ló sábà máa ń jẹ́. Ọdún 3 sí 5 ni bátìrì rẹ̀ sábà ń lò, ooru sì ń gé e kúrú. Èyí tó bá ti wú, ẹ má ṣe sọ ọ́ sí ààtàn: òjé àti ásíìdì ló wà nínú rẹ̀.